Lọ́yà méjì tá a gbà fún ẹjọ́ felony ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní Houston: ọ̀kan gba owó, ọ̀kan ka ìwé

Lọ́yà àkọ́kọ́, ìràwọ̀ 1 nínú 5. Lọ́yà kejì, 5 nínú 5, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn torí ọ̀rọ̀ ọmọ ilé wa ni, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ lọ́yà wá orúkọ ọmọ náà rí. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá pọ̀ ní Houston yìí gan-an, ọ̀pọ̀ òbí ló sì wà láàárín wa tí ọmọ wọn ti kó sí wàhálà tí wọn ò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò lè sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n kàn ń sáré kiri wá lọ́yà lábẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ gbé fóònù ni wọ́n á kówó fún. Àwọn ni mo ń kọ èyí fún.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Àbúrò mi ni, ọmọ àbúrò màmá mi, ẹni ọdún 34, ibí ló ti dàgbà, sítísẹ̀n sì ni. Wọ́n mú un nítorí ọkọ̀ pickup kan tó rà, wọ́n ní ó mọ̀ pé ọkọ̀ jíjí ni, iye ọkọ̀ náà sì lé ní $30,000. Ní Texas, olè tí iye rẹ̀ bá ti tó $30,000 tí kò tíì dé $150,000, felony ìpele kẹta ni wọ́n ń pè é (felony ni orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá), ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 10. Ìyẹn fún ẹni tí kò ní nǹkan kan sẹ́yìn o. Àbúrò mi ní méjì sẹ́yìn: 2010, nígbà tó ṣì ń tẹ̀lé àwọn ọ̀rẹ́ kan kiri, wọ́n ní wọ́n jọ fọ́ ilé ni, 2015, oògùn, ìyẹn ló sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2 fún. Nígbà tí ìwé ẹ̀sùn máa fi jáde, lọ́yà ìjọba ti kọ méjèèjì sí abẹ́ ẹ̀sùn ọkọ̀ náà, ìpínrọ̀ kan fún 2010, ìpínrọ̀ kan fún 2015.

Ìpínrọ̀ méjì yẹn ni gbogbo ọ̀ràn. Òfin tó wà nídìí rẹ̀ ni abala 12.42 nínú Penal Code Texas, ìyẹn ìwé òfin ọ̀daràn wọn, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín. Tí èèyàn bá ní felony kan ṣoṣo tó ti di ìdájọ́ pátápátá sẹ́yìn, ìyà ẹjọ́ tuntun á gòkè ní ìpele kan: ìpele kẹta á gba ìyà ìpele kejì, ọdún 2 sí 20, ìpele kejì á gba ìyà ìpele kìíní, ọdún 5 sí 99 tàbí life, ìyẹn ẹ̀wọ̀n gbére. Tó bá wá jẹ́ méjì, tí ìkejì sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìdájọ́ àkọ́kọ́ ti parí, ẹ gbàgbé ìpele, ọdún 25 ni ìsàlẹ̀, 99 tàbí life ni òkè. Adájọ́ ò lè fún un ní 24, júrì, ìyẹn àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́, gan-an ò lè fún un ní 24, kódà kí àánú ṣe gbogbo wọn. Ẹ wò ó dáadáa, ọkọ̀ kan náà, ọmọ kan náà, ọdún 2 ni wọ́n lè fún un tàbí 25, ohun tó sì máa sọ èwo nínú méjèèjì kò sí lára ọkọ̀ yẹn rárá, inú fáìlì àtijọ́ ló wà.

Ẹ má rò pé òfin yẹn kàn wà nínú ìwé lásán. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ William Rummel, Texas níbí náà ni. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó fi káàdì ẹlòmíì ra nǹkan tó tó $80. Ìkejì, ṣẹ́ẹ̀kì ayédèrú $28.36. Ìkẹta, ó gba $120.75 pé òun á tún ẹ̀rọ amúlétutù ẹnì kan ṣe, kò ṣe é. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, $229.11 ni. Life ni wọ́n fún un, torí nígbà yẹn life ni dandan fún felony ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí ẹjọ́ náà sì dé Supreme Court Amẹ́ríkà ní 1980, adájọ́ 5 sí 4 ni wọ́n fi sọ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Texas ti fi í ṣòfin ní tiwọn.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún màmá mi ní Ìbàdàn lórí WhatsApp, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọn ò tíì fìyà ìyẹn jẹ ẹ́ tán ni, tí wọ́n tún fi ń gbé e jáde?" Ìbéèrè gidi ni. Supreme Court ti dáhùn ẹ̀ láti 1948, nínú ẹjọ́ Gryger v. Burke: wọ́n ní kì í ṣe pé wọ́n ń fìyà ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ jẹni lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ṣẹ̀ tuntun ni wọ́n ń fìyà jẹ, ó kàn wúwo sí i torí pé ẹni náà tún un ṣe ni. Èmi náà gbà pé ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ò yẹ kó gba ìyà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn jìyà, iṣẹ́ ló fi ọkọ̀ náà ṣe. Ohun tí mi ò gbà ni kí òfin ti ẹnu adájọ́ pa kí ó tó wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ní California, ọkùnrin kan gba 25 sí life torí ọ̀pá golf mẹ́ta tó jí, tó fi pamọ́ sínú ṣòkòtò, Supreme Court tún fọwọ́ sí i ní 2003, ṣùgbọ́n àwọn ará California fúnra wọn dìbò ní 2012 pé ẹjọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó le tàbí tó ní ìwà ipá nínú kó tó lè dé 25 sí life, bí wọ́n tilẹ̀ fi àwọn kan sílẹ̀. Ní Texas níbí, olè lásán ṣì lè gbé èèyàn débẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí lọ́yà àkọ́kọ́.

Bàbá yìí, gbogbo òde wa ni wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n máa ń náwó fún olórin níbi pátì, fọ́tò wọn wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, wọ́n ń sọ Yorùbá, àǹtí mi, màmá ọmọ náà, sì gbádùn ìyẹn torí Gẹ̀ẹ́sì kóòtù yìí máa ń dẹ́rù bà wọ́n. $8,000 la kó kalẹ̀, àwọn ẹbí dá a jọ ni. Nígbà tí nǹkan máa tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n pè wá pé ìròyìn ayọ̀ wà: lọ́yà ìjọba ti gbà láti yọ ìpínrọ̀ 2010 kúrò tí àbúrò mi bá lè sọ pé "true" sí 2015, tó sì gba ọdún 15. Wọ́n ní ká dúpẹ́, 25 ló yẹ kó jẹ́. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti rí ìwé ìdájọ́ 2010 yẹn fúnra yín?" Wọ́n ní ó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ọlọ́pàá. Mo ní mo mọ̀ pé ó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ìwé ìdájọ́ kóòtù ni mò ń bèèrè. Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, àwọn ti wà nídìí iṣẹ́ yìí tipẹ́.

Ìdáhùn yẹn ni mo fi fún wọn ní ìràwọ̀ 1. Kì í ṣe torí pé wọ́n dúnàádúrà, gbogbo lọ́yà ló ń dúnàádúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wo ohun tó ń rà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé iye tí wọ́n pè é pọ̀ jù? Wọ́n ń fi 25 dẹ́rù bà wá láti jẹ́ ká gba 15, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì mọ̀ bóyá 25 yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí "true" yìí jẹ́ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ ọ́ láìmọ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Ní Texas, ẹ̀sùn tuntun lọ́tọ̀, ẹjọ́ àtijọ́ lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ti dá èèyàn lẹ́bi tán tàbí tó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n á ka ìpínrọ̀ ẹjọ́ àtijọ́ sí i létí, wọ́n á bi í pé ṣé "true" ni àbí "not true". Tó bá ti sọ pé "true", iṣẹ́ ìjọba ti parí nìyẹn lápá ibẹ̀. Tó bá sọ pé "not true", ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì hàn pé ìdájọ́ yẹn wà lóòótọ́, pé òun gan-an sì ni wọ́n dá a fún. Wọ́n sábà máa ń gbé ìwé láti ọgbà ẹ̀wọ̀n wá, èyí tí wọ́n ń pè ní pen packet, wọ́n á wá pe ẹni tó mọ̀ nípa ìka títẹ̀ kó wá fi ìka ẹni náà wé ti inú ìwé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń rí i fi hàn o, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìjà ni, kò yẹ kí lọ́yà ti ilẹ̀kùn yẹn kó tó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́yà kejì, obìnrin ni, kò dàgbà púpọ̀, kì í ṣe Yorùbá, kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ wa ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n pè. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló júwe rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà ìjọba rí kó tó yà sí apá àwọn tó ń gbèjà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó sì jẹ́ ẹni tí Texas Board of Legal Specialization fún ní ìwé ẹ̀rí lórí ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìyẹn ẹ lè fi ọwọ́ ara yín wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo ojúewé State Bar of Texas náà, tí wọ́n bá bá lọ́yà kan wí ní gbangba, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọ́fíìsì rẹ̀ ò jìnnà sí kóòtù Franklin Street. A jókòó, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí bí wọ́n ṣe mú ọmọ náà, ó ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi wá nípa ẹjọ́ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ wo ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n dájọ́, báwo ló ṣe parí. A ò mọ ti 2010 dáadáa. Àǹtí mi kàn rántí pé "wọ́n ní kó máa wá fọwọ́ sí ìwé, kó máa tọ̀ sínú ife". Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀, ó ní òun á gba ìwé náà lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù kí òun tó sọ ohunkóhun.

Nígbà tá a padà lọ, ó tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti 2015 wà lápá ọ̀tún, "Judgment of Conviction" ló wà lókè rẹ̀, àmì ìka àbúrò mi wà nísàlẹ̀, ó dúdú kirikiri. Ti 2010 wà lápá òsì, ó fi orí bírò gbá ìlà òkè, ó ní kí n kà á sókè. "Order of Deferred Adjudication." Ó ṣí ewé tó tẹ̀lé e, ìwé pélébé kan tí adájọ́ fọwọ́ sí ní 2013, pé ọmọ náà ti parí ọdún 3 tí wọ́n fún un, wọ́n ti tú ẹjọ́ náà ká. Ó wá ṣàlàyé pé nínú irú ètò yẹn, èèyàn á gbà pé òun jẹ̀bi lóòótọ́ ṣùgbọ́n adájọ́ á fà sẹ́yìn, kò ní dá a lẹ́bi, á fi í sábẹ́ àbójútó kóòtù, tó bá parí rẹ̀ láìsí wàhálà, kò sí ìdájọ́ ẹ̀bi kankan. Lójú 12.42, yàtọ̀ sí àwọn ẹjọ́ ìbálòpọ̀ kan tí òfin yọ sọ́tọ̀, kò sí felony kankan ní 2010. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, ti 2015. Ọdún 25 tí wọ́n ti ń fi dẹ́rù bà wá láti ọjọ́ yìí, kò sí níbẹ̀. Kò tiẹ̀ fìgbà kan wà níbẹ̀ rí.

Àǹtí mi bú sẹ́kún. Mi ò lè sọ pé èmi náà ò sunkún.

Ó tún sọ àwọn nǹkan míì tó máa ń wò, mo ní kó jẹ́ kí n kọ wọ́n sílẹ̀ torí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Probation lásán, ìyẹn àbójútó kóòtù dípò ẹ̀wọ̀n, tí wọn ò fagi lé, tí èèyàn parí rẹ̀, wọn ò kà á mọ́ ìdájọ́ tó ti parí pátápátá fún nǹkan yìí. State jail felony, ìyẹn èyí tó kéré jù tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò kọjá ọdún 2, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a, wọn ò lè fi gun àkàsọ̀ 25. Tí ẹjọ́ méjèèjì bá ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà, tí wọ́n dá a lọ́jọ́ kan náà, wọn ò tẹ̀léra, ọ̀kan ni wọ́n. Ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n dá fún èèyàn láì jẹ́ kó ní lọ́yà, tí kò sì sọ pé òun ò fẹ́, Supreme Court ti sọ ní 1967 nínú Burgett v. Texas pé wọn ò lè fi kún ìyà ẹjọ́ míì. Gbogbo rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti ìwé ni. Rẹ́kọ́ọ̀dù ọlọ́pàá ò ní sọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ fún yín, ó kàn máa kọ pé wọ́n mú un, pé ẹjọ́ wà.

Ó mú ìwé náà lọ bá lọ́yà ìjọba, wọ́n yọ ìpínrọ̀ 2010 kúrò, láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ wa nídìí ẹ̀. Báyìí la ṣe bọ́ sí ọdún 2 sí 20. Látibẹ̀ ni ìdúnàádúrà tòótọ́ ti wá bẹ̀rẹ̀.

Apá kejì iṣẹ́ rẹ̀ náà dáa gan-an. Ó ní kí ẹbí kọ lẹ́tà. Ẹ mọ bí àwa náà ṣe ń kọ lẹ́tà, gbogbo wa kọ pé ọmọ tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni, ọmọ tó ní ọ̀wọ̀ fún àgbà ni, pásítọ̀ kọ ojúewé méjì. Ó dá èyí tó pọ̀ jù padà. Ó ní adájọ́ ti ka ẹgbẹ̀rún irú ẹ̀, ká kọ ohun tá a fojú wa rí. Ni àbúrò ọmọ náà obìnrin bá kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń gbé màmá wọn lọ fọ kídìnrín ní gbogbo Tuesday, Thursday àti Saturday, aago 5 ìdájí, pé ẹ̀gbọ́n òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń dì wọ́n mú kí wọ́n má ṣubú tí wọ́n bá jáde, pé láti ìgbà tí wọ́n ti mú un, màmá wọn ti pàdánù ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lọ. Ìwé kúkúrú ni. Ìyẹn ni lọ́yà náà fi sókè pátápátá, ó fi ìwé ẹ̀rí welding ọmọ náà tẹ̀lé e, ó fi lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tẹ̀lé e. Ọdún 4 ni wọ́n fẹnu kò sí, wọ́n sì yọ àkókò tó ti lò ní àtìmọ́lé kúrò nínú rẹ̀. Nítorí ẹjọ́ rẹ̀ ò sí lára àwọn tí òfin kà sí èyí tó le jù, tó bá ti lo ìdá kan nínú mẹ́rin, tí wọ́n ka àkókò ìwà rere mọ́ ọn, ó ti lè wà níwájú ìgbìmọ̀ parole, àwọn tó ń pinnu bóyá ẹlẹ́wọ̀n lè jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Kì í ṣe pé wọ́n á tú u sílẹ̀ dandan o, ó kàn lè dé iwájú wọn ni.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára lọ́yà kejì ò pọ̀. Kì í gbé fóònù lẹ́yìn aago 6 àfi tí ẹjọ́ bá wà lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé rẹ̀ lẹ ó máa bá sọ̀rọ̀, akọ̀wé náà sì le díẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹbí wọlé nígbà tó bá ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ gangan, àǹtí mi bínú, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé pé tí ẹlòmíì bá ti wà níbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lè má jẹ́ àṣírí mọ́ lábẹ́ òfin. Ó sì kìlọ̀ fún wa nípa fóònù àtìmọ́lé, wọ́n ń gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì rò pé tẹ́ ẹ bá ti ń sọ Yorùbá wọn ò ní gbọ́, wọ́n á wá ògbufọ̀ tó bá yá. Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ bá a gbàdúrà, ẹ fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún lọ́yà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ò tíì di sítísẹ̀n, tó jẹ́ green card ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ka ìtàn wa kẹ́ ẹ sáré lọ gba deferred. Ohun tó gba àbúrò mi là ní kóòtù Texas, kò jámọ́ nǹkan kan níwájú Ìmígíréṣọ̀n. Lójú tiwọn, tí èèyàn bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì fún un ní ìyà tàbí àbójútó èyíkéyìí, ìdájọ́ ẹ̀bi ti wà nìyẹn, wọ́n sì lè fi dá a padà sílé. Olè tí wọ́n fún ní ẹ̀wọ̀n ọdún 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí èyí tó burú jù ló wà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà àbáyọ níbẹ̀. Láti 2010, Supreme Court ti sọ nínú Padilla v. Kentucky pé iṣẹ́ lọ́yà ni láti sọ fún oníbàárà rẹ̀ tí ohun tó fẹ́ fọwọ́ sí bá lè mú kí wọ́n lé e padà sílùú rẹ̀. Ẹ bèèrè rẹ̀. Tí lọ́yà ẹjọ́ ọ̀daràn yín ò bá mọ̀ ọ́n, kó pe lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kí ọmọ tó la ẹnu.

Ní ti owó: lọ́yà kejì gba $12,000, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn, iye yẹn ló kó iṣẹ́ dé ibi tí wọ́n fẹnu kò sí, tó bá di pé a lọ bá júrì, iye míì ni. Ó gbà ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Lọ́yà àkọ́kọ́ ò fún wa ní ìwé kankan ju rìsíìtì lọ, a kọ lẹ́tà pé ká yanjú owó tó kù, wọ́n dá $2,500 padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ orúkọ lọ́yà obìnrin yẹn, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, màá fún yín, ẹ sì mú ìwé ìdájọ́ àtijọ́ dání tẹ́ ẹ bá ti ní in, torí òun ló máa kọ́kọ́ bèèrè.